Ọjọ́ Tí Danfo Wa Kò Lọ Síbì Kankan

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sinmi lójú ọ̀nà jíjìn, kó má ṣe béèrè lọ́wọ́ ọmọ Èkó. Kó gba Alábà Rágò lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí tírélà ẹran bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù tán. Àwọn àgbò tí wọ́n kó wá láti Òkè Ọya á ti wọ inú ọgbà, wọn á máa ké, wọn á máa kan ara wọn. Àwọn oníbàárà á ti máa fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹran, wọn á máa ná an bí ẹni tó ti ní ìjà pẹ̀lú ẹlẹ́ran tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni kó dúró wò. Kó bẹ̀rẹ̀, kó yọjú wo abẹ́ tírélà. Awakọ̀ wà níbẹ̀. Ó ti so aṣọ kan mọ́ irin lọ́tùn-ún lósì, ó sùn sínú rẹ̀ bí ọmọ inú ọ̀já, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ síta, sílípáàsì rẹ̀ wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó tò wọ́n síra bíi ti ẹni tó wọ mọ́sálásí. Nítòsí rẹ̀, ọmọ mọ́tò ti ta okùn láti ara dígí ọkọ̀ dé ara òpó kan, ó sá aṣọ mẹ́ta àti tówẹ̀lì kan sórí rẹ̀. Onítíì ti gbé omi kaná. Ilé ni wọ́n wà. Ilé náà ní táyà ni.

Rágò ni Haúsá ń pe àgbò. Òun ni wọ́n fi ń dá ọjà yìí mọ̀ yàtọ̀ sí Alábà kejì, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Okokomaiko ni mò ń gbé, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà náà kọjá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tí mo wá ra àgbò Iléyá ni mo tó bá ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ yẹn sọ̀rọ̀.

"Mègídá, ẹ kú ìrìn o. Ìgbà wo lẹ tún ń padà?"

"Kì í ṣe òní, Alájì. Òní, mo jókòó."

"Mo rò pé ẹ ti sùn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Oorun yàtọ̀, ìjókòó yàtọ̀. Táyà bá jò, ẹ ó pe fọkanáísà. Tó bá jẹ́ ojú ló jò ńkọ́? Ta lẹ máa pè?"

Ó ní bí òun bá ti wakọ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, òun gbọ́dọ̀ jókòó fún odidi ọjọ́ kan tí òun ò ní fọwọ́ kan sítíáríǹ, bí ẹni tó lẹrù tilẹ̀ ń pariwo lórí fóònù. Kì í ṣe pé òun á sùn látàárọ̀ dalẹ́ o. Òun á fọṣọ, òun á gé èékánná, òun á pe ìyàwó òun ní Kánò, òun á wá jókòó sójú kan kí ayé máa kọjá. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló bá mi délé. Àwa ọmọ Èkó, àwa la máa ń kọjá lára ayé.

Ó ṣe díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́nà Ìyànà Ìbà, ra danfo Volkswagen àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ti sú. Èrò mi ni pé yóò tú u tà ní páàtì. Ó ní rárá, òun fẹ́ fi ṣe ilé.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. Ẹni tó bá ti Mile 2 ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa á kọjá ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Volks. Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe orúkọ náà lónìí, púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ló jẹ́. Ọdún 1972 ni wọ́n dá Volkswagen of Nigeria sílẹ̀, nígbà tó di 1975 ọkọ̀ ti ń jáde níbẹ̀, lójú títì Badagry kan náà tí àgbò ń gbà wọ Alábà. Bọ́ọ̀sì Volkswagen sì ni Èkó kọ́kọ́ fi ṣe danfo. Ohun tí n kò mọ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi fi àwòrán hàn mí ni pé láti ọdún 1951 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Westfalia ní Jámánì ti ń fi ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú irú bọ́ọ̀sì yìí, tí àwọn ẹbí á wọnú rẹ̀, wọn á gbọ̀nà òkè tàbí ọ̀nà òkun lọ, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọn á sùn. Irin kan náà ni. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ wọn di ilé ìsinmi, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ wa di "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Nítorí náà a yọ àwọn ìjókòó rẹ̀. Káfíńtà kan ní Okokomaiko kan pákó tí fóòmù á wà lórí rẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ìkòkò àti àpò aṣọ. Àwọn ìyókù, Alábà Rágò la ti rà wọ́n, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù: kẹ́ẹ̀gì omi méjì, síléndà gáàsì kékeré, tapólì, fáànù tó ń lo bátìrì. Ìyàwó mi ló rí àga. Àga tí wọ́n ń ká ni, aṣọ rẹ̀ ti ṣí díẹ̀ lápá òsì, òòrùn ti sọ àwọ̀ ewé rẹ̀ di àwọ̀ eérú, ìṣó kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ látilẹ̀. Ọmọ tó ń tà á fi ìdí jókòó sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti fi hàn wá pé kò ní já. "Ìyá, tòkunbọ̀ ni o," ló ń wí. Mo rò ó nínú ara mi pé ó ṣeé ṣe kí àga yìí ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ní ilẹ̀ àwọn tó ni ín. Ìyàwó mi ò rò ó. Ó ná an títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Haúsá sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sùn nínú ọkọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́, tàbí ẹbí ìyàwó rẹ̀ ló lé e jáde. Kò sí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra irú ìyà bẹ́ẹ̀. Mo rán wọn létí Pẹ̀lúmi Nubi, ọmọbìnrin tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2024 nínú Peugeot 107 kékeré kan tó tún inú rẹ̀ ṣe kó lè máa sùn sí i, tí òun nìkan wà á, tó ní ìjàǹbá ní Côte d'Ivoire tí kò sì tìtorí rẹ̀ padà, tó wọ Èkó lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin. Ibodè Seme ló gbà wọlé, ojú títì wa yìí ló gbà kọjá. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní, "Òun ń bọ̀ wálé ni. Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Ìbéèrè rere ni. A fẹ́ lọ sí Togo, ìlú Atakpamé, nítorí pé wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé orí òkè ló wà àti pé àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ ìbátan wa. Ìdí méjèèjì tó.

N kò ní fi ọ̀nà dá yín dúró. Oṣù Kọkànlá ni, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láti Okokomaiko títí dé Agbára, ohun tí ojú títì náà ń ṣe fún danfo, ẹni tó ń gbà á mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn Badagry, ìdúró àyẹ̀wò pọ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n mi fi okùn so pépà ọkọ̀ mọ́ ọrùn. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ti ọdún 1982 sì bí káàdì ìdójútòfò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Brown Card. A ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní ọ̀kan nínú ibodè tí a gbà lọ, ẹni kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù yọ orí wọnú danfo, ó rí bẹ́ẹ̀dì, ó bojú wò mí, ó béèrè pé ta ló ń ṣàìsàn. A ní kò sí. Ó ní ta ló wá ni bẹ́ẹ̀dì? Ìyàwó mi ní òun ni. Ó rò ó títí, ó ní ọkọ̀ aláìsàn ni èyí, owó tirẹ̀ yàtọ̀. A lo wákàtí kan àtààbọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ara wa yá.

Kútọnu, èrò. Epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní kpayo, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lọ, ó sì ti gbówó lórí láti ìgbà tí ìjọba wa ti kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. A sùn ní Ouidah lálẹ́ kìíní, a sùn ní Lomé lálẹ́ kejì, ẹ̀fọn jẹ wá níbi méjèèjì. Láti Lomé, ọ̀nà yí sí àríwá, ó gba Tsévié, ó gba Notsé, ìlú tí àwọn Ewe sọ pé àwọn ti ṣí kúrò nígbà ìjọba ọba oníkanra kan. Tírélà tó ń ti èbúté Lomé lọ sí Burkina Faso ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Nǹkan bí 160 kìlómítà ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Danfo wa, tó jẹ́ pé bóyá afárá Mile 2 ni òkè tó ga jù tó ti gùn láyé rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ẹ̀gbọ́n mi já a sí jíà kejì, ó já a sí àkọ́kọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyàwó. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a wọ ìlú. Ìyá kan tó ní ilé àlejò kékeré gbà ká gbé ọkọ̀ sí àgbàlá òun, ká máa lo ilé ìwẹ̀ òun, ká san díẹ̀ nínú owó séfà.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní aago márùn-ún ìdájí la ó gbéra, nítorí òun fẹ́ rí Alédjo lókè lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti la àpáta sí méjì kí ọ̀nà lè gbà á kọjá. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ rọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ta ló ń lé wa?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wa, Ìyàwó. Àpáta yẹn dára ni."

"Á ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àbúrò yín ló sọ fún wa pé mègídá kan ní Alábà sọ pé ojú a máa jò. Tèmi ti jò."

Kò sí èsì. Ẹ̀gbọ́n mi fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ lórí ìjókòó iwájú, ó yíjú sí dígí.

Nígbà tí mo jí, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí ni pé n kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀. N kò lè sọ ìgbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ìkùukùu wà lórí òkè tó yí ìlú ká, ó ń ká kúrò díẹ̀díẹ̀, ilé onípáànù kan á yọ, òmíràn á yọ lókè rẹ̀, òmíràn lókè ìyẹn, àfi bíi pé wọ́n tò wọ́n sórí àkàbà. Àkùkọ ń kọ ní ìsàlẹ̀ wa, èyí tó ṣàjèjì sí etí mi: ní Okokomaiko, àkùkọ àti èèyàn, ojú kan náà ni gbogbo wa wà. Ìyàwó mi ti gbá inú danfo. Ó ti ta okùn láti ara dígí ọkọ̀ dé ara igi máńgòrò inú àgbàlá, ó ti sá aṣọ. Mo wo okùn yẹn, mo rántí ọmọ mọ́tò Alábà Rágò, n kò sọ nǹkan kan.

Ó ti tú àga tòkunbọ̀ náà sílẹ̀. Mo jókòó.

Ìgbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ìró kan bẹ̀rẹ̀ láti ilé kejì, gbì, gbì, lẹ́yìn náà láti ilé kẹta, ó wá di pé ìsàlẹ̀ òkè ń dá òkè lóhùn. Ìyàwó mi dúró pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́wọ́. Ọmọ Èkìtì ni. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un. "Iyán," ó ní. Iyán ni lóòótọ́, iṣu tí wọ́n sè tí wọ́n gún. Ṣùgbọ́n fùfú ni wọ́n ń pè é jákèjádò Togo, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ náà níbi oúnjẹ á máa retí gbágùúdá tó ti kan, wọn á wá gbé iyán funfun síwájú rẹ̀. Irú àṣìṣe tí mo fẹ́ kó máa ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Mẹ́ta nínú ìyàwó ilé ló ń gún ti ilé kejì, ọmọ odó mẹ́ta nínú odó kan, ọ̀kan ń lọ sókè bí ọ̀kan ti ń bọ̀, a ò rí ìgbà tí igi kan igi.

Ìyá tó nilé jáde wá kí wa. N kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìkíni rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó fi parí rẹ̀ wọ̀ mí létí bí ohùn ìyá ìyá mi. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì: ọ̀rọ̀ kan á mọ́, méjì á ṣókùnkùn. Ìyàwó mi nawọ́ sí iṣu tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Iṣu," ó ní. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Itsu." Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí nǹkan mìíràn, omi, iná, ewúrẹ́, bí ọmọdé tó ń ṣeré. Èyí tó bá pàdé, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èyí tí kò bá pàdé, wọ́n á tún un sọ fún ara wọn títí ẹnu á fi gbà á.

Ana ni àwọn ẹlòmíràn ń pe àwọn èèyàn yìí. Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn, Ifẹ̀ náà ni wọ́n ń pe èdè wọn, wọ́n sì sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá. Wọ́n wà ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀, wọ́n wà ní apá Benin tó kángun sí wọn pẹ̀lú. Nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n máa ń ṣe ọdún kan tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí: Odon-Itsu. Ẹni tó bá ka á lọ́nà Faransé lè máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan: ọdún iṣu. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kò jẹ́ ká dá a mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe pariwo Adebayor, agbábọ́ọ̀lù Togo, ní pápá bọ́ọ̀lù nígbà tó ṣì ń gbá a, láìrántí pé Adébáyọ̀ ni, ọmọ tí òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá bí sí Lomé.

Mo ti ń ṣe kàyéfì ohun tó gbé wọn gun orí òkè, n kò ní láti lọ jìnnà. Ìdí tí Ẹ̀gbá fi sá sábẹ́ Olúmọ náà ni: ogun. Ọmọ ogun Dàhòmì dojú kọ Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864. Wọ́n gbógun dé Atakpamé pẹ̀lú láàárín ọ̀rúndún náà. Ẹni tó bá wà lórí òkè á ti rí eruku ọ̀tá kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lónìí, òkè yẹn kan náà ni àwọn ọmọ iléèwé ń fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, tí àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀, ń pa ẹ́ńjìnì láti fi epo pamọ́ bí wọ́n bá ń sọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò nílé. Láti ìgbà tó ti ń tún tírélà ṣe ni Haúsá ti ń ta sí i létí. Ó wá Zongo lọ, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àti Haúsá tí ọ̀pọ̀ ìlú Togo àti Ghana ní. Ó jókòó sí ìdí onítíì kan níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó dé, ó ti mọ iye tí táyà ń jẹ́ ní Atakpamé, ó ti bá wọn gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì kan, kò sì béèrè Alédjo mọ́.

Èmi ni mo wá bà á jẹ́. Ọ̀sán ti pọ́n, mo ti jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, àga náà ti gbà mí, àtẹ́gùn ń fẹ́ láti orí òkè, n kò sì lè mú un mọ́ra. Wọ́n ní Kamina wà nítòsí. Mo ti kà nípa rẹ̀ rí: láti 1884 ni Togo ti wà lọ́wọ́ Jámánì, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí ogun 1914 bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí ẹ̀yìn Atakpamé yìí, tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀, nǹkan bí 5,000 kìlómítà, tó sì ń bá ọkọ̀ ojú omi wọn sọ̀rọ̀ lórí Atlantic. Àwọn òpó irin rẹ̀ tó ga jù lé ní 100 mítà.

"Dádì, ẹ ní òní la ó jókòó," ni ìyàwó mi wí.

"Kò jìnnà."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń wí nípa Ajégúnlẹ̀."

Mo gun zémidjan, mo lọ. Ohun tó kù níbẹ̀ ni kọnkéré tó ti fọ́ àti irin tó ti dípẹtà láàárín koríko. Ogun kò tí ì pé oṣù kan nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Gẹ̀ẹ́sì wọlé láti Gold Coast, Faransé wọlé láti Dàhòmì, nígbà tí àwọn ará Jámánì rí i pé apá àwọn ò ká a mọ́, àwọn fúnra wọn wó àwọn òpó náà lulẹ̀ lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 26. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jà níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo dúró nínú koríko gbígbẹ yẹn, mo ń ronú pé ẹ̀rọ tó ń bá Berlin sọ̀rọ̀ kò pẹ́ tó danfo wa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gún wọ̀ mí ní ẹsẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí n tó rí zémidjan mìíràn.

Nígbà tí mo padà dé, ìyá onílé ló wà lórí àga mi. Ìyàwó mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà danfo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀wà wà láàárín wọn nínú àwo, wọ́n ń ṣà á. Wọ́n ti ṣà á fún bíi wákàtí méjì. Wọ́n ti mọ iye ọmọ tí ẹnì kejì bí, wọ́n ti mọ èyí tó kú, wọ́n ti mọ ìlú tí èyí tó kù wà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe sọ gbogbo èyí fún ara wọn. Ìyàwó mi ní òun náà ò mọ̀. Ìyá náà ti fi orin kan kọ́ ọ tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ìyàwó mi sì ti mọ ìgbà tó yẹ kó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i fún mi láti fi ṣàánú mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí ẹ̀wà wọn.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ń yọ ẹ̀gún.

N kò kábàámọ̀ Kamina. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: kọnkéré yẹn ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lọ síbì kankan. Ọ̀sán tí obìnrin méjì fi ṣa ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ara mi ni ìrìn-àjò wà bí àrùn. Bí a bá ti dé ibì kan, mo ti ń béèrè ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wa tí Èkó tọ́ dàgbà. A ó wakọ̀ lọ Òkè Ìdànrè, a ó gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀ta, a ó ya fọ́tò lórí rẹ̀, a ó sì ti wà ní Ọ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá bi wá pé kí ni wọ́n ń sè lálẹ́ ní Ìdànrè, fọ́tò la ó nà sí wọn.

Alẹ́ lẹ́, òtútù díẹ̀ dé. A jẹ nínú ẹ̀wà náà pẹ̀lú gàrí. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọkùnrin méjì kan láti ilé kejì ta ayò lábẹ́ iná fóònù, wọ́n nà án, kò sì bínú, ohun tí n kò rí rí. Iná ilé tàn káàkiri òkè, díẹ̀ lókè, díẹ̀ nísàlẹ̀, títí a kò fi mọ ibi tí ilé parí tí ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, gbogbo ìlú ti dákẹ́.

A kò dé Alédjo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní ká máa sọ̀ kalẹ̀ padà, kí a sì tún lo ọjọ́ kan sí i ní etí òkun kí a tó wọ Èkó. Ìyá onílé kò gba owó alẹ́ kejì. Ìyàwó mi fún un ní àga náà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wò mí, mo dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín pé, ẹ gba Brown Card kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti páásípọ̀ọ̀tù. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Faransé díẹ̀ mọ́ra, nítorí pé kì í ṣe ibi gbogbo ni "itsu" á ti gbà yín. Bí ẹ bá dé Atakpamé lálẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má jí jáde láàárọ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ẹ bá sì rí ìyá arúgbó kan lórí àga aláwọ̀ eérú tí apá òsì rẹ̀ ti ṣí, ẹ bá wa kí i.

Danfo náà wà nínú ọgbà wa ní Okokomaiko báyìí. Àwọn kan ti wá ná an láti fi kó èrò. A ò tíì yọ bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú rẹ̀.